Ẹsẹ̀ Mẹ́rin fún Raivis

Raivis, àbúrò mi, o ti pariwo tó.
Mo ti wo àwòrán náà, mo ti fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù:
rímù alọ́ì mẹ́rin, tuntun nínú páálí,
apá márùn-ún-márùn-ún bí ìràwọ̀,
dúdú létí, fàdákà láàárín,
igba yúrò ó lé ọgọ́ta,
Edmunds ní òun á fi nọ́ọ̀tì kún un lọ́fẹ̀ẹ́.
Mẹ́rin! Iye tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ń ta ẹyọ kan.
O rò pé n kò mọ ìṣirò ni?
Ìṣirò náà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ó rẹwà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.
Golf bàbá wa, tó ti ń wọ bàtà irin dúdú láti ọdún mẹ́rìndínlógún,
tí a fi wáyà so ìdérí ọ̀rá mọ́ lẹ́sẹ̀,
tí ọ̀kan já sínú yìnyín lọ́nà Ludza, tí a ò rí i mọ́,
bó bá wọ èyí, á dà bí ọkọ ìyàwó.
Ìwọ náà á gbé ìgúnpá lé fèrèsé,
wà á máa rọra kọjá níwájú ilé búrẹ́dì
tí Agrita ti ń ṣiṣẹ́.
Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Rezekne?

Ṣùgbọ́n mo yà lọ́dọ̀ Ontons ní Sátidé,
ẹni tó ń na rímù wíwọ́ lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Kò bá mi jiyàn. Ó mú òòlù kékeré,
ó lu èyí tó wà lórí tábìlì: gbiiiin,
ohùn náà dúró nínú afẹ́fẹ́, ó pẹ́ kó tó lọ.
Ó lu ìkejì, tó ń dán ju ti àkọ́kọ́.
Ó húkọ́.
Ó yí i padà, ó fi èékánná tọ ìlà kan hàn mí,
ìlà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ,
láti etí ihò nọ́ọ̀tì dé ìdí apá.
"Oṣù mẹ́ta," ó ní. "Kòtò kan ṣoṣo."

Mo bi í bóyá bí olówó pọ́ọ́kú gbogbo ṣe ń ṣe nìyẹn.
Ó ní rárá, òun ti rí olówó pọ́ọ́kú tó gbó mọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀,
òun sì ti rí ọ̀wọ́n tó fọ́ bí àwo.
Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò, ó ní:
ibi tí wọ́n tẹ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí,
orúkọ ẹni tó rọ ọ́, ọjọ́ tó jáde nínú iná.
Ẹni tó bímọ tí kò sọ ọ́ lórúkọ,
bí ọmọ náà bá dáràn, ta la fẹ́ pè?

Mo ní kí Edmunds ya ẹ̀yìn ránṣẹ́.
Ó tún ya iwájú.
Mo ní: ẹ̀yìn.
Ó fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

O mọ ọ̀nà wa lóṣù kẹta,
nígbà tí yìnyín bá tú, tí ilẹ̀ ya ẹnu
bí ẹni tó ti sùn láti oṣù kọkànlá láìjẹun.
Omi á bo kòtò, kòtò á di dígí,
ojú ọ̀run á wà nínú rẹ̀, wà á gùn ún lọ.
Irin dúdú, bó bá já sí i, á wọ́,
Ontons á nà án, á padà sẹ́nu iṣẹ́.
Èyí tí kò lórúkọ kì í wọ́, Raivis.
Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń kú.
Ta ló sì máa jókòó lẹ́yìn lóṣù kẹta?
Èmi, pẹ̀lú ikùn yìí,
tí dókítà ti kọ ọjọ́ kejìdínlógún sí káàdì mi.
Wọ́n ní ẹsẹ̀ kì í wúwo kó má lè gbé olówó rẹ̀.
Ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ń bá wí.

Owó tí o yá rèé lábẹ́ ife, n kò gbà á padà.
Bí ẹ̀yìn bá dé, tí nọ́ńbà wà níbẹ̀,
gbé e lọ kí Ontons lù ú.
Bó bá dún, rà á, n ó bá ọ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú.
Bí kò bá dún,
agolo ọ̀dà fàdákà méjì wà nínú báàgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
yúrò mẹ́rìnlá, mo ti san án.
Kun irin bàbá wa.
Bó o bá dé iwájú ilé búrẹ́dì,
má rọra.
Sáré díẹ̀. Agrita ò ní mọ ìyàtọ̀.